Ìlà Sùúrù

Gbádégẹṣin, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ló gbé géèmù náà sínú fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú:
ilé oúnjẹ kékeré kan, àdògán mẹ́ta, tábìlì mẹ́fà.
Èmi ni mò ń dáná, èmi náà ni mò ń gbé abọ́,
oníbàárà ń ya wọlé bí àgbàrá.
Lókè orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ìlà kan wà,
aláwọ̀ ewé nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó,
á di àwọ̀ ọsàn,
á pọ́n bí ojú ata,
á pòórá. Oníbàárà á dìde, á ti ìlẹ̀kùn gbàà.
"Sùúrù wọn nìyẹn, Àǹtí. Ẹ máa wò ó."

Mo ti ń wò ó láti ọdún mẹ́sàn-án
ní ọ́fíìsì iná, nítòsí ojú irin, ní Òṣogbo,
lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n gbẹ́ ihò róbótó sí kí ohùn lè wọlé.
Ohùn ń wọlé lóòótọ́.
Ìyá kan láti Òkè-Baálẹ̀ na bíìlì sí mi bí ìwé ìpẹ̀jọ́:
ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì,
fún gílóòbù méjì àti fáànù tí kì í yí.
Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé ní kí n bọ́ síta, ká jọ lọ wo òkùnkùn.
Kò sí ìlà lórí àwọn yìí.
Iṣan ọrùn ni mò ń wò, ìka tó ń lu káńtà,
bí "ẹ káàárọ̀" ṣe ń kúrú sí i títí dé ẹni ogún.
Mo sọ "ẹ má bínú" títí ó fi di kọ́bọ̀,
tí kò ra nǹkan kan mọ́.

Mo kùnà ní ìpele keje.
Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.
Owó wà nínú àpò mi níbẹ̀ tí mo lè fi gba ọmọ iṣẹ́;
n ò gbà á. Mo ní n ó dá a ṣe.
Bí ẹnì kan péré bá bínú jáde, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
Àyà mi ń lù kìkì lórí ibùsùn, aago mọ́kànlá alẹ́,
nítorí ìrẹsì tí kò sí
tí ẹni tí kò sí ń dúró dè.

Gbádé wò mí títí. Ó ní,
"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa lọ.
Bí ẹ bá ń sáré tẹ̀lé èyí tó ti pọ́n,
àwọn tí kò tíì pọ́n á pọ́n.
Bọ́tìnnì ìdúró sì wà lókè níbí. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rí."

Mo bi í pé: "Ẹni tó ń gbé abọ́ yìí, èmi,
níbo ni ìlà tirẹ̀ wà?"
Ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.
"Wọn ò ya tirẹ̀."

Ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá Láníyọnu, tí orúkọ rẹ̀ ò purọ́,
ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí aago mẹ́sàn-án tó lù.
Èrò tò dé ìdí igi dóńgóyárò.
Mo kọ "ìṣẹ́jú mẹ́wàá" sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.
Mo gbé ìdajì fáìlì fún Mufúlíátù
tí mo ti ń sọ fún láti ọjọ́ pípẹ́ pé "má ṣèyọnu, mo ti ń ṣe é."
Ó gbà á. Ó ní, "Mo ti rò pé o ò fọkàn tán mi ni."
N ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Mo dúró létí irin tó ti dógùn-ún,
ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Ewúrẹ́ kan gba ojú irin kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.
Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé, ó ń bínú lọ.
Mo jẹ́ kó lọ.
N ò lè sọ pé ó dùn mọ́ mi.

Lálẹ́, Gbádé ní ṣé mo ti kọjá ìpele keje.
Rárá o. Ó ṣì ń dúró dè mí.
Jẹ́ kó dúró.